Yíyí orí nínú eré ọkọ̀ òfuurufú: ṣé dandan ni ẹ̀rọ olówó gọbọi?

Ẹni tí ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe eré ọkọ̀ òfuurufú, iwájú nìkan ni ó ń rí. Bí ó bá fẹ́ wo ọ̀tún tàbí òsì, àfi kí ó tẹ bọ́tìnnì. Awakọ̀ gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orí ni í yí.

Ilé iṣẹ́ NaturalPoint ní Amẹ́ríkà wá ọgbọ́n sí i, wọ́n ṣe ẹ̀rọ TrackIR. Kámẹ́rà kékeré ni, orí kọ̀ǹpútà ni a ń gbé e lé, ó sì ń ṣọ́ àmì mẹ́ta tí eléré so mọ́ fìlà rẹ̀. Bí orí bá yí díẹ̀, àwòrán yóò yí púpọ̀, kí ojú má baà kúrò níwájú kọ̀ǹpútà. Nínú Microsoft Flight Simulator ti ọdún 2020, eléré lè fi wá pápá tí yóò balẹ̀ sí. Nínú Elite Dangerous ti ọdún 2014, ó lè fi wo ọkọ̀ ọ̀tá tí ó ń kọjá láàárín ìràwọ̀. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju 100 dọ́là lọ.

Ètò kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ opentrack ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ọ̀fẹ́ ni. Bí a bá fi ètò tó yẹ sínú fóònù, kámẹ́rà rẹ̀ yóò máa wo ojú eléré, Wi-Fi yóò sì máa gbé ìròyìn náà lọ sínú kọ̀ǹpútà. Kò sí okùn. Inú ilé náà ni ìròyìn ọ̀hún ń rìn mọ, nítorí náà kò ń jẹ owó íntánẹ́ẹ̀tì.

Àbùkù rẹ̀ wà o. Bí Wi-Fi bá ń fà, àwòrán yóò máa kẹ́yìn orí, òòyì a sì máa kọ́ eléré. Fóònù a máa gbóná, bátìrì rẹ̀ a sì tètè tán. Síbẹ̀, bí ọmọ yín bá ń bèèrè owó TrackIR, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ fi fóònù tó wà nílé gbìyànjú fún ọ̀sẹ̀ kan.