Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Gbóná Kọjá Ààlà: Ẹ Wádìí Kí Ẹ Tó Bomi Sí I

Àpá kan wà ní apá ọ̀tún mi tí ó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti ìyá mi ń ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ fún ìsìnkú ìbátan wa kan. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Ìwó Road, ọwọ́ gééjì ooru gòkè. Nígbà tí ojú ọ̀nà là, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìkirè nígbà tí èéfín funfun bo gíláàsì iwájú. Mo páàkì, mo fi àkísà di ìdérí rédíétọ̀ mú, mo sì yí i. Ìyá mi kígbe pé, "Ọmọ mi, má ṣí i o!" Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu wọn tí omi gbígbóná fi tú jáde, tí ó sì bó apá mi.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo ti ń bu omi kún rédíétọ̀ náà láràárọ̀, tí n kò sì bi ara mi léèrè pé níbo ni omi àná lọ. Páǹpù omi ló ń jò. Nítorí pé n kò kà á sí, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì jó, owó tí ó yẹ kí n fi ra páǹpù kan ṣoṣo sì di owó títú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Omi rédíétọ̀ kì í ṣàdédé tán. Ẹ wá ibi tí ó ń bá lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. Omi tí a pò mọ́ kúláǹtì ni ó ń gbé ooru kúrò nínú ẹ́ńjìnnì. Páǹpù omi ni ó ń tì í káàkiri. Yóò gba inú róbà lọ sí rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ yóò tù ú níbẹ̀, yóò sì padà. Tẹmósítáàtì ni aṣọ́bodè ọ̀nà yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nígbà tí ooru bá tó nǹkan bíi 82 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó máa ń ṣílẹ̀kùn. Omi inú ìkòkò máa ń hó ní 100, ṣùgbọ́n ìdérí rédíétọ̀ máa ń há omi mọ́lẹ̀ débi pé kò ní hó títí yóò fi tó nǹkan bíi 120. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, bí a bá ṣí ìdérí náà nígbà tí ó gbóná, gbogbo omi inú rẹ̀ yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tú síta.

Bí ọwọ́ gééjì bá ń gòkè lójú pópó, ẹ pa ẹ̀rọ amútùtù, kí ẹ sì ṣí ẹ̀rọ amóoru inú ọkọ̀ dé òpin. Ara yín yóò gbóná, ṣùgbọ́n yóò fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì títí ẹ ó fi rí ibi tí ẹ lè dúró sí. Ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ sì dúró fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kan kí ẹ tó fọwọ́ kan ìdérí. Ẹ má ṣe da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì tí ó ń jó bí iná, kí irin má bàa sán.

Tí ó bá wá kan wíwá àìsàn náà, àsìkò tí ooru ń dé ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nìkan ni, ẹ fura sí fáànù. Ẹ tan ẹ̀rọ amútùtù kí ẹ wò bóyá ó ń yí. Bí kò bá yí, ẹ jẹ́ kí rẹ́wáyà yẹ fíúùsì, rílè àti mọ́tò rẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ nígbà tí ẹ bá ń sáré lójú ọ̀nà gígùn ni, rédíétọ̀ lè ti dí, páǹpù lè ti rẹ̀, tàbí kí tẹmósítáàtì ti há.

Bí omi bá ń dín kù, ẹ tẹ́ páálí mímọ́ sábẹ́ ọkọ̀ mọ́jú. Ibi tí ó bá ti kán sí ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀: róbà, ìdè rẹ̀, páǹpù, rédíétọ̀. Ẹ yẹ róbà inú ìdérí wò pẹ̀lú, nítorí èyí tí ó ti gbó kò lè há omi mọ́lẹ̀ mọ́.

Tẹmósítáàtì kò ṣòro láti dán wò. Ẹ so ó mọ́ okùn, ẹ rì í sínú ìkòkò omi lórí iná. Ó gbọ́dọ̀ ṣí kí omi tó hó. Bí kò bá ṣí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Mẹkáníìkì mi ti sọ fún mi rí pé, "Ọ̀gá, ilẹ̀ wa gbóná, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ sọnù." Ẹ má ṣe gbà. Láìsí i, ẹ́ńjìnnì yóò máa ṣiṣẹ́ nínú òtútù lójú ọ̀nà gígùn, yóò máa mu epo jù, nínú àwọn ọkọ̀ kan sì rèé, omi yóò máa gba ọ̀nà ẹ̀bùrú láìdé rédíétọ̀.

Bí omi bá ń dín kù láìsí pé ó ń kán sílẹ̀, bí ọ́ìlì bá dà bí ògì, bí èéfín funfun kò bá dáwọ́ dúró, tàbí tí omi rédíétọ̀ ń hó kùtùkùtù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, gásíkẹ́ẹ̀tì ni ẹ fura sí. Ẹ má ṣe wà á mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á lọ.

Lẹ́yìn àtúnṣe, omi kànga kọ́ ni kí ẹ dà padà. Ó máa ń fi ìpẹ́ sílẹ̀ nínú rédíétọ̀ bí èyí tí ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù. Ìdajì kúláǹtì àti ìdajì omi dísítíìlì ni ó dára fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ìwé ọkọ̀ yín ni yóò sọ irú kúláǹtì tí ó yẹ. Ẹ dà á nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ tan án díẹ̀ láìfi ìdérí dé e kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, ẹ kún un, kí ẹ sì dé e kí ó tó gbóná. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ tún un wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nílé, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: kúláǹtì máa ń dùn lẹ́nu, májèlé sì ni, ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ má ṣe rọ ìyókù rẹ̀ sínú ìgò ohun mímu, ẹ má sì jẹ́ kí ó dúró nílẹ̀ níbi tí ọmọ tàbí ajá lè tọ́ ọ wò.

Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó. Gééjì ooru ti sọ̀rọ̀ fún mi ní Ìwó Road, n kò gbọ́. Ìyá mi pariwo lẹ́bàá Ìkirè, mo gbọ́ nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Kí ẹ tó jáde lọ́la, nígbà tí ọkọ̀ ṣì tutù, ẹ wo ìwọ̀n omi rẹ̀. Bí ó bá ti dín, ẹ má ṣe kún un kí ẹ máa lọ lásán. Ẹ bi í léèrè ibi tí ó lọ.