Ọ̀RỌ̀ ILÉ: Ẹ wá ibi tí aṣọ máa gbé kí bíríkìlà tó dé

Mo ti ṣèlérí pé n ó sọ̀rọ̀ nípa yàrá àti wọ́dùróòbù, torí àwọn tó ń kọ́lé lọ́wọ́ nínú ẹbí wa ti ń pọ̀. Orí àṣìṣe tèmi ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ ṣọ̀gá lé òun lórí.

Nígbà tí mo kọ́ ilé tí Màámi ń gbé báyìí, n ò bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Yàrá mẹ́ta, pálọ̀ kan, ó parí. Ọ̀rọ̀ wọ́dùróòbù, mo ní ìyẹn á yanjú tí káfíńtà bá dé. Káfíńtà dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ti rẹ́ ilé, a ti kùn ún. Ògiri kan ṣoṣo tí kò ní fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn nínú yàrá Màámi ni èyí tó wà láàárín yàrá náà àti balùwẹ̀. Ibẹ̀ náà la kan wọ́dùróòbù mọ́, pátákó MDF tó ń dán bíi dígí. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Ọmọ Ọbàtálá ni Màámi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ wọ́n, ẹ mọ bí aṣọ funfun wọn ṣe pọ̀ tó. Òjò ọdún àkọ́kọ́ rọ̀ tán, ọdún Òrìṣà ku díẹ̀, wọ́n ṣí wọ́dùróòbù. Òórùn húkàsì ló kọ́kọ́ jáde. Wọ́n wá fa àlà tí Bàbá wa rà fún wọn yọ, àmì dúdú wẹ́wẹ́ ti bo gbogbo ojú ìṣẹ́po rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn gbọn eérú sí i lára. Ẹ̀yìn pátákó ti wú, ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Páìpù kan ló ń jò nínú ògiri balùwẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i.

Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn pè mí. "Àkànní, ṣé o rí i? O kọ́lé fún mi, o ò kọ́lé fún àlà." Mo dọ̀bálẹ̀. A fọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, a sá a sóòrùn, àmì yẹn ò lọ tán. Wọn ò wọ̀ ọ́ lọ sójúbọ mọ́ títí dòní. Owó tí mo fi tú wọ́dùróòbù, tí mo fi fọ́ ògiri, tí mo fi pààrọ̀ páìpù, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Mo ti wá rò ó pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló fà á. Inú agbo ilé, àpótí àti okùn la mọ̀. Nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a kọ́ bíi ti àwọn Àgùdà, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín kọjá, tí yàrá wà lọ́tùn-ún lósì, abẹ́ ibùsùn ni ẹrù ń gbé. Kò mọ́ wa lára láti ya ààyè aṣọ sórí bébà. Bẹ́ẹ̀, lórí bébà ni kò ti ná èèyàn ní nǹkan kan.

Tí ayàwòrán bá gbé pláànì wá, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá àárín ògiri sí àárín ògiri ni ìwọ̀n tó kọ sí i. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10 tí a fi búlọ́ọ̀kù ínṣì 9 kọ́ ò lè pé 10 nínú. Ẹsẹ̀ bàtà 9 àti ínṣì 3 ni, a ò tíì rẹ́ ẹ. Ẹ yọ ẹsẹ̀ bàtà 2 ti wọ́dùróòbù kúrò, ó ku 7 àti ínṣì 3. Ibùsùn tí fóòmù rẹ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6 lè tó 6 àbọ̀ pẹ̀lú pátákó orí rẹ̀. Tí ẹsẹ̀ ibùsùn bá wá kọjú sí wọ́dùróòbù, ínṣì 9 péré ló kù. Ilẹ̀kùn ò ní ṣí, èèyàn ò ní lè kọjá àfi kó rìn bí akàn. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kí wọ́dùróòbù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn oníwọ̀n 4 àbọ̀, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí à ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kọ́tìnnì náà dára, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹsẹ̀ bàtà 2 yẹn, ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà gé e kù sí 1 àbọ̀. Háńgà nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán, apá aṣọ á wá máa há sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n ṣé háńgà gan-an là ń lò? Ohun tó ń bí mi nínú nìyí. Àwòrán wọ́dùróòbù tí káfíńtà ń fi hàn wá lórí fóònù, ti àwọn tó ń wọ kóòtù ni. Ọ̀pá ló kún inú rẹ̀. Àwa ńkọ́? Ìró ń ká ni, gèlè ń ká ni, aṣọ òkè wúwo, tó bá pẹ́ lórí háńgà èjìká rẹ̀ á ya. Ẹ ka aṣọ yín lórí ibùsùn kí ẹ tó bá káfíńtà sọ̀rọ̀. Nílé wa, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló jẹ́ kíká. Pẹpẹ la nílò, kó má sì jìn ju ínṣì 16 lọ, torí ohun tó bá wà lẹ́yìn pẹpẹ jíjìn, ó di ti aáyán. Ẹ ya pẹpẹ àlà sọ́tọ̀, sókè, níbi tí epo pupa ò ti lè ta sí i. Ẹtù tuntun náà lè ta aró sí i lára, ẹ má kó wọn pọ̀. (Ẹ̀kú ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ibi tí ilé yín ń gbé e sí ni kó wà.)

Ní ti igi, ìrókò àti apá le fún ikán. Arère àti àfàrà, ìpápánu ni wọ́n fún un. MDF ò kórìíra ẹnikẹ́ni, omi ló kórìíra. Ohun yòówù tí ẹ bá lò, ẹ gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè ní ínṣì 4 nítorí omi ìnulẹ̀, ẹ má sì kàn án mọ́ ògiri balùwẹ̀ tàbí ògiri tí òjò ń nà.

Yàrá òrìṣà náà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sórí pláànì. Mo ti rí i nílé mẹ́ta tí wọ́n kọ "stóò" sí i nítorí ojú ayé. Bíríkìlà gbà á ní stóò lóòótọ́, kò fún un ní fèrèsé, àtùpà ń jó nínú rẹ̀, èéfín ò ríbi jáde. Ní ọ̀kan nínú wọn, pátákó wọ́dùróòbù yàrá kejì ló dípò ògiri. Iná àtùpà àti pátákó gbígbẹ! Ẹ fi búlọ́ọ̀kù sáàárín. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí àwọn àgbà má baà máa gba inú yàrá tọkọtaya kọjá ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀.

Wọ́dùróòbù tuntun Màámi wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí, apá ni a fi kàn án, òjò méjì ti rọ̀ kọjá lórí rẹ̀, ó gbẹ táútáú. Ṣùgbọ́n àlà mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ràn jù, inú àpótí ìyá wọn ni wọ́n ṣì ń kó o sí, lábẹ́ ibùsùn. N ò lè bá wọn jiyàn. Ẹni tó bá ní pláànì lọ́wọ́, kó mú un wá sí ìpàdé ẹbí, n ó mú tépù dání.