Kẹ́ Ẹ Tó Ra Súbwúfà, Ẹ Kọ́kọ́ Yọ Owó Wáyà Sọ́tọ̀

Ẹ gbọ́ ná. Mi ò kórìíra ariwo orin. Èmi gan-an, tí fújì bá ń lọ lọ́wọ́ tí báàsì ẹ̀ ò bá gbá mi láyà, ó máa ń ṣe mí bíi pé wọ́n rẹ́ mi jẹ. Torí náà, ẹni tó bá rò pé mo fẹ́ wá bá àwọn ọ̀dọ́ wí pé wọ́n ń da ìgboro rú, kó fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ wáyà ni mo bá wá.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi ra Corolla tòkunbọ̀ kan n'Íbàdàn. Kò pé oṣù méjì tó fi gbé súbwúfà méjì àti áńpílífáyà kan tí wọ́n kọ 1,000 wáàtì RMS sí lára sínú búùtù. Ojúlówó ló rà, mi ò purọ́. Àmọ́ nígbà tọ́rọ̀ kan wáyà, owó ti ń tán lọ, ló bá sọ fún ríwáyà tó ń bá a ṣiṣẹ́ pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣáà fi èyí tó bá wà nílẹ̀ ṣe é." Wọ́n sì fi èyí tó wà nílẹ̀ ṣe é lóòótọ́.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, à ń ti Challenge lọ sí Mọ́kọ́lá, a há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ni mo bá gbóòórùn rọ́bà tó ń jó. Mo ní kó pa rédíò. Ó pa á. Òórùn yẹn ò lọ. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí mo gbẹ́sẹ̀ lé gan-an. Orin ti dákẹ́, kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ ẹ̀, síbẹ̀ wáyà ṣì ń jó. A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a ò ní sípánà. Onímáíkírà kan tó wà lẹ́yìn wa ló sáré bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú sípánà 10, ó tú orí bátìrì kan kúrò, ó wá wò wá láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ dúpẹ́ o. Abẹ́ síìtì ẹ̀yìn ni táńkì epo yín wà."

Nígbà tá a ká kápẹ́ẹ̀tì, a rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Irin kan wà tó pín ilé ẹ́ńjìnnì níyà sí ibi tá à ń jókòó sí. Ẹni tó ṣe é lu ihò sí i, ó ti wáyà gba ibẹ̀, kò fi rọ́bà sétí ihò náà. Bí mọ́tò ṣe ń gbọ̀n lójú títì, bẹ́ẹ̀ ni etí irin ń fá ara wáyà bí ọ̀bẹ, díẹ̀díẹ̀, títí inú wáyà fi kan irin. Gbogbo ara irin mọ́tò ló so mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì bátìrì. Ẹ ti mọ ohun tó kù.

Fíúsì ńkọ́? Fíúsì wà o. Fíúsì 100 áńpíà, ó ń dán gbinrin, búùtù ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ áńpílífáyà, kò sì já. Báwo ló ṣe fẹ́ já? Iná tó jáde láti bátìrì ò débẹ̀ rárá. Ẹnu ihò yẹn ló ti yà bàrá, tó gba ara irin padà sílé. Ó dà bí ẹni tó gbé ọlọ́dẹ sí ẹ̀yìnkùlé, tí olè wá ń gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé.

Èyí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀. Fíúsì yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ áńpílífáyà, ẹ̀ṣọ́ wáyà ni. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ sún mọ́ bátìrì dáadáa. Nǹkan bíi 45 sẹ̀ǹtímítà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń ní kó má kọjá. Ibi yòówù tó bá wà láàrin bátìrì àti fíúsì, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Ìdí nìyẹn náà tó fi jẹ́ pé ìnípọn wáyà la fi ń yan nọ́ńbà fíúsì. Tí fíúsì bá ń já lemọ́lemọ́, tí ẹ wá fi èyí tó tóbi jù ú lọ rọ́pò, tàbí kẹ́ ẹ ṣe bíi tàwọn kan tó máa ń fi bébà dídán inú páálí sìgá dì í, ẹ ti sọ wáyà yín di fíúsì nìyẹn. Òun náà á já tó bá yá, àmọ́ á kọ́kọ́ jó.

Ẹnì kan máa sọ pé, ṣebí áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ nílé náà ń jẹ 1,000 wáàtì, wáyà tín-ín-rín ló sì ń lò. Ìbéèrè tó dáa ni. Ẹ fojú inú wo ọjà Bódìjà. Ká ní ẹ fẹ́ kó iṣu jáde níbẹ̀. Tó bá jẹ́ lọ́rì, márùn-ún tàbí mẹ́fà ti tó, títì kékeré á sì gbà wọ́n. Tó bá jẹ́ ọmọlàńkẹ́ lẹ fẹ́ fi kó iye iṣu kan náà, ó lè gbà tó àádọ́rùn-ún, títì yẹn sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ kí wọ́n tó lè kọjá pọ̀. Fóòtì ni iye ẹrù tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbé. Áńpíà ni iye ọkọ̀ tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lọ́rì ni iná ilé, 230 fóòtì. Ọmọlàńkẹ́ ni iná mọ́tò, nǹkan bíi 13.8 fóòtì tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀. Áńpílífáyà Class D tó dáa máa ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún iná tó ń jẹ ṣòfò. Kó tó lè gbé 1,000 wáàtì jáde, á jẹ tó 1,250. Ẹ fi 13.8 pín in: ó lé díẹ̀ ní 90 áńpíà. Iná ilé ì bá gbé e pẹ̀lú áńpíà márùn-ún àbọ̀. Lóòótọ́, orin kì í fa 90 áńpíà láìsinmi, ìgbà tí báàsì bá lù ló ń fà á, àmọ́ ìgbà yẹn gan-an lẹ torí ẹ̀ náwó.

Wáyà tí wọ́n fi ṣe ti àbúrò mi, géèjì 8 ni. (Nọ́ńbà géèjì máa ń dani lójú rú: bó bá ṣe kéré sí ni wáyà ṣe nípọn sí.) Láti bátìrì dé búùtù, ẹ pè é ní mítà márùn-ún. Ká ní bàbà gidi ni, tí 90 áńpíà bá gba inú ẹ̀, fóòtì tó sún mọ́ odindi kan máa sọnù sójú ọ̀nà, ooru tó lé ní 80 wáàtì á sì máa jáde lára wáyà náà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Géèjì 4 á dín in kù sí bí ìdajì ìyẹn, kódà kò tó ìdajì. Ẹ tún rántí pé tí áńpíà bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Òfin yẹn ni kì í jẹ́ kí wáyà kékeré lè gba ẹ̀bẹ̀.

Ti àbúrò mi ò wá jẹ́ bàbà gidi rárá. A fi ọ̀bẹ họ ọ́, inú ẹ̀ funfun. Alumíníọ́ọ̀mù ni, bàbà tín-ín-rín ni wọ́n kàn fi bò ó lára. Wọ́n máa ń kọ CCA sí irú ẹ̀. Iná tó lè gbé ò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti bàbà tí wọ́n jọ nípọn. Mi ò sọ pé CCA jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ o. Ẹni tó mọ̀ pé òun ló ń rà, tó wá ra èyí tó nípọn jù, kò burú. Kí wọ́n tà á fúnni bíi bàbà ló burú. Torí náà, ẹ họ ọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ọ̀bẹ kékeré ti tó. Tí ọlọ́jà bá bínú, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Ọ̀rọ̀ kan tún ń bí mi nínú: capacitor. Tí iná iwájú mọ́tò bá ń ṣẹ́jú bí báàsì ṣe ń lù, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ tà fúnni nìyẹn. Ẹ wò ó: capacitor 1 farad, tí fóòtì ara ẹ̀ bá lọ sílẹ̀ láti 14 sí 12, agbára tó máa tú jáde jẹ́ joule 26 péré. Áńpílífáyà tó ń jẹ 1,250 wáàtì máa gbé ìyẹn mì láàárín ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ò tíì ṣẹ́jú tán. Tí alternator mọ́tò bá kéré sí iṣẹ́ tẹ́ ẹ gbé fún un, pàápàá nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tí ẹ́ńjìnnì ò yí kíákíá, capacitor ò lè bímọ iná.

Ti wáyà ilẹ̀, ìyẹn èyí tẹ́ ẹ so mọ́ ara irin mọ́tò ní búùtù, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀: ẹ fá ọ̀dà kúrò títí irin á fi dán, kó nípọn bíi tàkọ́kọ́, kó kúrú, kẹ́ ẹ sì di nọ́ọ̀tì ẹ̀ pinpin. Ojú ibi tí wáyà ò ti dì dáadáa lè gbóná ju irin tí wọ́n fi ń jó léèdì lọ.

Àbí ríwáyà yẹn ló jẹ̀bi? Ó jẹ̀bi ihò, ó jẹ̀bi fíúsì. Àmọ́ àwa la ná owó wáyà títí tí kò fi sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. A máa ń na owó yàlàyòlò lórí ohun táwọn ọ̀rẹ́ á rí ní búùtù, a wá ń bá èèyàn jà lórí ohun tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé áńpílífáyà náà ló "lágbára jù" fún mọ́tò. Irọ́ ni jàre. Títì ọmọlàńkẹ́ ló há.

Àbúrò mi ta súbwúfà kan, ó fi owó ẹ̀ ra bàbà géèjì 4, fíúsì tuntun àti rọ́bà etí ihò. Ríwáyà mìíràn ló bá a ṣe é, ó sì jókòó tì í. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí ẹ̀, ó gbé orin sí i, mo mú mítà: 13.5 fóòtì lórí bátìrì, 13.2 lẹ́nu áńpílífáyà, báàsì ń lù lọ́wọ́. Mo fọwọ́ kan wáyà, kò gbóná. Ó ní báàsì ẹ̀ mọ́ ju ti ìgbà tó jẹ́ méjì lọ. Sípánà 10 sì ti wà nínú píjínhóòlù báyìí.