Ọkọ̀ Àwòṣe: Ṣé Kpayo Ni?

 

Ní ọjọ́ Àìkú kan, bàbá kan láti abúlé kan nítòsí Massè níbí dúró dè wá lẹ́yìn Míísà. Ó fà wá sí abẹ́ igi, nítorí pé kò fẹ́ kí etí púpọ̀ gbọ́ ohun tí ó fẹ́ sọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó kọ́ iṣẹ́ ajórin parí ní Pobè, ti fi ọdún méjì kó irin àlòkù jọ sí ẹ̀yìn ilé. Ó ra Peugeot àtijọ́ kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ó gé ara rẹ̀ dànù, ó sì ń fi páànù ṣe ara mìíràn sí i, kí ó lè jọ Lamborghini tí ó rí nínú fóònù. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ràn mọ́tò, tí wọ́n mọ orúkọ gbogbo ọkọ̀ eléré lórí, ń wá síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Kpayo! Lamborghini kpayo!" ni wọ́n ń pariwo. Ìbéèrè bàbá náà sì ni pé, ṣé kí òun bá wọn rẹ́rìn-ín ni, àbí kí òun lé wọn jáde ní ilé òun?

Gbogbo wa ni a mọ kpayo. Èdè àwọn ará wa Gùn ti Àjàṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ohun tí kì í ṣe ojúlówó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Lára epo tí wọ́n ń gbé wá láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, ni ó ti mọ́ wa lẹ́nu jù. Ṣùgbọ́n lónìí, bàtà ń jẹ́ kpayo, oògùn ń jẹ́ kpayo, àní a ti gbọ́ tí wọ́n pe àna kan bẹ́ẹ̀ rí, a kò ní sọ agboolé tí ó jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a bá ń rán níṣẹ́ púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀, yóò máa jẹ́ iṣẹ́ òdì nígbà mìíràn.

Kí a má ṣe ojúsàájú, ẹjọ́ àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní ojúlówó Lamborghini kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. Bí ara rẹ̀ ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ yẹn, tí ó sì mú ṣóńṣó níwájú, kí afẹ́fẹ́ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni, nígbà tí ó bá ń sá eré tí ó ju 300 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣe ìṣirò rẹ̀, owó rẹ̀ sì ju 100 mílíọ̀nù fáráǹkì CFA lọ. Ẹni tí ó wá fi páànù ṣe irú rẹ̀ mú ojú, ó fi inú sílẹ̀. Bí ó bá gùn ún kọjá ní ìgboro, yóò gba ìkíni tí kì í ṣe tirẹ̀. Lójú wọn, olè kékeré ni.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni Lamborghini fúnra rẹ̀? Ọmọ àgbẹ̀ ni Ferruccio Lamborghini ní ilẹ̀ Ítálì. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń wá katakata, owó kò sì sí lọ́wọ́ wọn. Ọkùnrin yìí kó irin àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ológun tí ogun fi sílẹ̀, ó tò wọ́n pọ̀, ó fi wọ́n ṣe katakata. Ọdún 1948 ni ó dá ilé-iṣẹ́ katakata sílẹ̀. Ọdún 1963 ni ó tó dá ti ọkọ̀ eléré sílẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ mọ́tò bá ti wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ nígbà tí ó ń fi ọkọ̀ ogun ṣe ọkọ̀ oko, a kò mọ orúkọ tí wọn ì bá pè é.

Ìtàn kan tún wà tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa ju èyí lọ. Carroll Shelby, ará Texas ní Amẹ́ríkà, jẹ́ awakọ̀ ìdíje títí àìsàn ọkàn fi mú un dáwọ́ dúró. Ní ọdún 1962 ó mú ọkọ̀ kékeré kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ AC Ace, ó ki ẹ́ńjìnnì ńlá ti Ford bọ̀ ọ́ nínú, ó sì sọ ọ́ ní Cobra. Ara Ace náà fúnra rẹ̀, ẹni tí ó bá mọ ọkọ̀ yóò rí i pé àwọn tí ó yà á ti tẹjú mọ́ Ferrari kan kí wọ́n tó mú gègé. Nǹkan bí 1,000 péré ni Cobra tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Àwọn tí wọ́n fi wé e láti ìgbà náà wá pọ̀ ju ojúlówó lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Shelby kọ́kọ́ bínú, ó gbé lára àwọn tí ń ṣe àwòṣe lọ sí ilé ẹjọ́. Nígbà tí ó yá, ó fi àṣẹ fún àwọn mìíràn lára wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó gba àṣẹ ni Superformance, ibi tí wọ́n sì ti ń kan ọkọ̀ náà, Port Elizabeth ni, ní Gúúsù Áfíríkà, ìlú tí à ń pè ní Gqeberha nísinsìnyí. Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ń ṣe é, tí ó ń kọjá òkun lọ bá àwọn tí wọ́n mọ̀ nípa ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ rí fíìmù Le Mans 66 tí ó jáde ní ọdún 2019, púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ìdíje tí ẹ rí níbẹ̀, àwòṣe ni, láti ọwọ́ àwọn Superformance wọ̀nyí. Kò sí ẹni tí ó jáde nínú fíìmù náà tí ó pariwo kpayo.

Kí ni ó fà á? Ohun tí àwa rí ni pé ọkọ̀ náà kò purọ́ nípa ìbí rẹ̀. Ẹni tí ó rà á mọ̀ pé kì í ṣe ti ọdún 1965, ẹni tí ó bá bi í léèrè yóò sì sọ fún un. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ fi òfin dì í: bí ẹnì kan bá fi ẹ̀yà oríṣiríṣi kan ọkọ̀ fúnra rẹ̀, tí a kò lè sọ ọjọ́ orí rẹ̀, nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Q ni ìjọba yóò fún un, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ bíréèkì, iná àti bẹ́líìtì rẹ̀ wò. Gbogbo ayé yóò rí Q náà níwájú àti lẹ́yìn. A fẹ́ràn òfin yìí. Kò ní kí ọmọ má kan ọkọ̀, ó ní kí ó má pè é ní ohun tí kò jẹ́.

Ibi tí irọ́ bá ti wọ̀ ọ́ ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Brazil wọ ibi iṣẹ́ kan ní ìlú Itajaí, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ tí ó jọ Ferrari àti Lamborghini, tí wọ́n ń lẹ àmì àwọn ilé-iṣẹ́ náà mọ́ ọn, tí wọ́n sì ń tà á. Wọ́n kó àwọn tí kò tíì parí lọ. Bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ni ó ni ibi iṣẹ́ náà. Ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ le ju àwa lọ. Ní ọdún 1991 ó dá Ferrari láre lórí ẹni tí ń ta ara ọkọ̀ tí ó jọ tirẹ̀, bí ẹni tí ó rà á tilẹ̀ mọ̀ pé àwòṣe ni. Wọ́n ní ẹni tí ó rí i kọjá lójú ọ̀nà ńkọ́? A rò ó títí, a kò rí èsì fún un.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ má tíì fi èyí yọ̀. Àwọn tí ń pariwo lẹ́yìn ilé bàbá yẹn, kí ni wọ́n gùn dé ibẹ̀? Alùpùpù ilẹ̀ Ṣáínà ni, bíi ti ọ̀pọ̀ sémíjàn tí ń gbé àwa àti ẹrù wa lọ sí ọjà. Ẹ́ńjìnnì púpọ̀ nínú wọn, ti Honda CG125 tí ó jáde ní ọdún 1976 ni wọ́n wò ṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Honda fi ń bá àwọn aláwòṣe bẹ́ẹ̀ jà. Nígbà tí ó di ọdún 2001, ó lọ bá ọ̀kan nínú wọn, Sundiro ti Hainan, wọ́n jọ dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀, nítorí pé àwọn yẹn ti mọ bí a ti ń ṣe alùpùpù ní owó pọ́ọ́kú. Nítorí náà, kí ẹni tí ó jókòó sórí àwòṣe rọra fi àwòṣe ẹlòmíràn ṣe ẹlẹ́yà.

Ẹ tún wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa, tí UNESCO kà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ayé ní ọdún 2001. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà máa ń gbẹ́ alùpùpù sórí rẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Kò sí ẹni tí ó bínú sí wọn rí, gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé igi ni.

Orúkọ kọ́ ni ó ń ba àwa lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Bíréèkì ni. Ara ọkọ̀ eléré a máa mú kí ẹsẹ̀ yún awakọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni Peugeot tí ó ti darúgbó ni ó wà nísàlẹ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí ọkọ̀ yóò jẹ lórí bíréèkì kí ó tó dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ̀rù kejì ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò ní ṣásì lọ́tọ̀, ara wọn náà ni egungun wọn. Ẹni tí ó gé òrùlé àti òpó rẹ̀ dànù ti gé ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, páànù tí ó wá lẹ̀ mọ́ ọn kò lè dúró bí egungun.

Nítorí èyí ni a fi sọ fún bàbá náà pé a kò ní dáhùn lábẹ́ igi. A lọ sílé rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kejì.

Pupa ni ọkọ̀ náà, ibi tí ó ti kun ún dé, ìyókù jẹ́ páànù funfun. Iná iwájú rẹ̀, ti alùpùpù ni. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sókè bíi ti Lamborghini, ohun tí ó sì ń gbé e sókè ni ṣọ́kì alùpùpù méjì tí ó ti kú. A rẹ́rìn-ín, ìdùnnú sì ni ẹ̀rín náà. Ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Òjò kan ṣoṣo ní Massè, kò ní lè jáde lágbàlá. A bi í léèrè ọ̀rọ̀ egungun. Ó ká páànù kan sókè, ó sì fi páìpù irin hàn wá, tí ó ti jó pọ̀ bí àhámọ́ yí ibi ìjókòó ká, kí ó tó gé òpó kankan. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò rí i rí, iwájú ni wọ́n máa ń dúró sí.

A sọ fún un nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ghana tí ó fi irin àlòkù kan ọkọ̀, tí àwòrán rẹ̀ kárí ayé ní ọdún 2020. Àwọn Kantanka, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tí Àpọ́sítélì Kwadwo Safo dá sílẹ̀ níbẹ̀, ni wọ́n pè é mọ́ra láti kọ́ iṣẹ́ sí i.

Nígbà náà ni a rí nǹkan kan lórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Àmì akọ màlúù ti Lamborghini ni, tí ó rà ní Kutonú, tí ó ṣì wà nínú ọ̀rá. Ó wolẹ̀. Ó ní ẹnì kan ti wá láti Kutonú, ó fẹ́ máa háyà ọkọ̀ náà fún ìgbéyàwó bí ó bá parí, ṣùgbọ́n àmì náà gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ pé Massè ni wọ́n ti kàn án. Bàbá rẹ̀ kò gbọ́ èyí rí.

A ní kí ó fi àmì náà sílẹ̀, kí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti ìlú rẹ̀ síbẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà. Mo jẹ gbèsè páànù. Bí màlúù kò bá sí níbẹ̀, ọkùnrin yẹn kò ní sanwó." Òótọ́ ni ó sọ, àwa náà kò sì ní owó tí a óo fi dípò rẹ̀. A dákẹ́.

Bàbá rẹ̀ yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Bíréèkì rẹ̀ dà?"

"Abẹ́ ni, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Ọmọ náà wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Bàbá ká agbádá Míísà rẹ̀ sí èjìká, ó wo ilẹ̀, ó wò wá, ó sì dùbúlẹ̀ tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ ti ń ṣú, a fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni a rí níta bí a ti ń lọ.