Háàdì Dísìkì fún PS4: Ká Dán An Wò Ká Tó Sanwó

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí kan àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù géèmù láàrin wa, ó kan àwọn tó ń ta ẹrù kọ̀ǹpútà, ó sì kan òbí tí ọmọ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé àyè ti tán nínú géèmù òun.

Ṣọ́ọ̀bù géèmù kì í ṣe eré ọmọdé. Ẹni tó to ẹ̀rọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀, tó ra tẹlifíṣọ̀n àti jẹnẹrétọ̀, owó gidi ló kó sílẹ̀, nígbà mìíràn sì rèé, owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ni. PlayStation 4, tó jáde lọ́dún 2013, ti dàgbà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń pa owó wọlé. Ìṣòro rẹ̀ ni pé inú rẹ̀ kéré. 500 GB ni èyí tó kọ́kọ́ jáde, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á sì mú lára rẹ̀ kó tó kan géèmù. Géèmù kan ṣoṣo lè gba 50 GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kódà èyí tí ẹ rà lórí àwo, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ dà á sínú ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń wá háàdì dísìkì tí wọ́n á fi waya so mọ́ ọn láti ìta. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn oníjìbìtì ń dúró dè wá sí.

Èrò tiwa ni pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má ṣe sanwó háàdì dísìkì tí a kò tíì dán wò. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń fẹ́. Oṣù kẹta ọdún 2017 ni PS4 bẹ̀rẹ̀ sí í gba irú dísìkì yìí fún géèmù. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ USB 3.0 tàbí èyí tó jù ú lọ. Kò gbọ́dọ̀ dín sí 250 GB, kò sì gbọ́dọ̀ ju 8 TB lọ. 1,000 GB ló wà nínú TB kan. Ara ẹ̀rọ gan-an ni kí ẹ ti kì í bọ̀, kì í ṣe ara ohun tí a fi ń pín ojú USB. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ń lò lẹ́ẹ̀kan náà. Kó tó lò ó, á pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́. Nítorí náà, ẹ má kì èyí tí fọ́tò ìgbéyàwó yín wà lórí rẹ̀ bọ̀ ọ́ o!

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ayédèrú rèé. Wọ́n á mú fláàṣì kékeré, ká ní 64 GB, wọ́n á yí ohun tó ń darí rẹ̀ padà kó lè máa purọ́ pé 2 TB lòun. Bí ẹ bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, 2 TB lẹ máa rí. Bí ẹ da ẹrù díẹ̀ sí i, á gbà á. Ìgbà tó bá kọjá ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ẹrù á bẹ̀rẹ̀ sí í dànù, kò sì ní pariwo. Lára wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní SSD 16 TB, tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú. PS4 ò tilẹ̀ lè lo 16 TB!

Ti tòkunbọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Àwo pẹlẹbẹ ló ń yí nínú háàdì dísìkì, ó sì ń gbó bí táyà mọ́tò ṣe ń gbó. Ó lè jẹ́ ojúlówó, kó sì jẹ́ pé ó ti ṣiṣẹ́ àṣekú níbòmíràn.

Ìdánwò wà fún méjèèjì. Lórí Windows, H2testw á kún dísìkì náà dé ẹnu, á sì kà á padà láti mọ̀ bóyá gbogbo ohun tó kó sí i ṣì pé. F3 ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà lórí Linux àti Mac. CrystalDiskInfo á sọ iye wákàtí tí dísìkì ti ṣiṣẹ́, àti bóyá ojú ibì kan ti ń bàjẹ́ lára rẹ̀. Ẹ má sì bá ọlọ́jà jà lásán o: TB kan tó jẹ́ ojúlówó, 931 GB ni Windows máa pè é, torí pé bí Windows ṣe ń ka GB yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Àwọn kan á ní, "Ta ló ráyè jókòó ti dísìkì títí ilẹ̀ á fi mọ́?" Òótọ́ ni pé ìdánwò TB kan lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Ṣùgbọ́n bí dísìkì bá kú, ẹ ó tún fi dátà wa gbogbo géèmù yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, oníbàárà ò sì ní dúró dè yín. Ọ̀pọ̀ tí a rà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀wọ́n ni.

Àgbájọ ọwọ́ la sì fi ń sọ àyà. Àbá tiwa ni pé kí àwọn tó nílò dísìkì fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé, ká rà á pọ̀, ká sì fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó mọ kọ̀ǹpútà ní owó díẹ̀ kó dán gbogbo rẹ̀ wò. Kí nọ́ńbà ara dísìkì wà lórí rìsíìtì, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí a lè fi dá a padà. Kí ìgbìmọ̀ owó yíyá sì béèrè rìsíìtì náà. Ẹ̀yin tó ń tà á láàrin wa, ẹ má bínú. Ẹni tí ọjà rẹ̀ pé kì í bẹ̀rù òṣùwọ̀n.

Bí ẹ bá sì ti rà á délé, ẹ fi UPS kékeré tì í lẹ́yìn, nítorí iná tó lọ lójijì nígbà tó ń kọ nǹkan lè da ohun orí rẹ̀ rú. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ fún ẹ̀rọ.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Owó ẹgbẹ́ kò ní bọ́ sọ́wọ́ oníjìbìtì o. Àṣẹ.