Ìsinmi Wà Nínú Eré Sísá

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń jókòó sí ọ́fíìsì tàbí nídìí ọkọ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Nígbà tí a bá pinnu láti máa sáré, a óò sá a bí ẹni tí ẹkùn ń lé. Láìpẹ́ orúnkún a wú, a óò sì pa á tì.

Ní 1996, Josh Clark ará Amẹ́ríkà ṣe ètò ọ̀sẹ̀ 9 fún ẹni tí kò sáré rí. Ọjọ́ 3 ni lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, a óò rọra sáré fún ìṣẹ́jú-àáyá 60, a óò rìn fún 90, a óò máa pààrọ̀ wọn fún ìṣẹ́jú 20. Níkẹyìn, a óò lè sáré fún ìṣẹ́jú 30 láìdúró.

Fún àwa tí a wà ní Tamale, oòrùn oṣù kẹta àti ìkẹrin kò gba eré ọ̀sán; ìdájí ni ó yẹ. Bí ọyẹ́ bá gbé eruku dé, ẹ sinmi, kí ẹ sì tún ọ̀sẹ̀ náà ṣe. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ọjọ́ ìsinmi ni iṣan ara ń tún ara rẹ̀ ṣe. Nítorí náà, ẹni tí a ń dá dúró síbi iṣẹ́ di òru kò lè jèrè ètò yìí. Láti 1919 ni Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ti fi wákàtí 8 lélẹ̀ fún iṣẹ́ òòjọ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa kọ̀ọ̀kan dúró lórí rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.