Ọwọ́ Ara Wa La Fi Pa Ìkànnì Ẹgbẹ́



Ní ìpàdé tó kọjá, ìgbìmọ̀ aláṣẹ sọ fún wa pé àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ba ìkànnì ẹgbẹ́ jẹ́, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá ṣe sí i. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Àwa ò pàtẹ́wọ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà ò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká rántí. Ní èṣí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó ìkànnì náà tẹ bọ́tìnì kí WordPress tó gbé e ró lè di tuntun. Kò ṣe ẹ̀dà ohunkóhun kó tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn extension tí a so mọ́ ọn ò bá tuntun náà mu, ni ojú ìkànnì bá funfun báláú. A ò bá ọmọ náà wí. Ta ló kọ́ ọ? Lẹ́yìn tó tún un ṣe tán, ìgbìmọ̀ pàṣẹ pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Oṣù mẹ́sàn-án la fi pa àṣẹ yẹn mọ́. Ní oṣù kẹwàá, ìpolówó tẹ́tẹ́ ló kún ibi tí àkọsílẹ̀ owó ìdáwó wà, àti ìwé tí a kọ sí mairie lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ìmúdọ̀tun la fi ń dí ihò ara ògiri. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, WordPress gbé 4.7.2 jáde láti dí ihò kan. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, àwọn aláìdára ti ń kọ ìkọkúkọ sórí ìkànnì àwọn tí kò tíì gbà á.

Àwọn kan á ní ìmúdọ̀tun náà ló kọ́kọ́ bà á jẹ́. Rárá o! Àìní ẹ̀dà ló bà á jẹ́. Ẹni tó ní ẹ̀dà lọ́wọ́ kì í bẹ̀rù bọ́tìnì: bí nǹkan bá yí, á dá a padà sí bó ṣe wà lánàá.

Àwa tí a fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, kí ìwé tó jáde lọ́wọ́ wa, karibónì á ti wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ló dé tí ọgbọ́n tí a lò fún bébà ò fi wúlò fún kọ̀ǹpútà?

Kí ẹ̀dà náà pé: fáìlì àti àwòrán, pẹ̀lú base de données tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan láìsí èkejì ò tó. Kó má sì jẹ́ inú serveur kan náà ló wà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021, iná jó ilé serveur OVH ní Strasbourg, nílẹ̀ Faransé. Àwọn tó ní ẹ̀dà níbòmíràn padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tí ẹ̀dà tiwọn náà wà nínú iná yẹn pàdánù gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ẹ̀dà tí a ò dán wò ńkọ́? Ní Kétu, tí ọba tuntun bá fẹ́ jẹ, Baba Ẹlẹ́gùn á ka ìtàn ìlú ní gbangba. Wọn kì í sọ pé ó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n kàn gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbọ́ ọ.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè nìyí. Kí orúkọ ìkànnì àti mot de passe jẹ́ ti ẹgbẹ́, lọ́wọ́ akọ̀wé àti akápò, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Kí a máa ṣe ẹ̀dà kíkún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ọ̀kan wà nínú dísíkì lọ́dọ̀ akọ̀wé, kí òmíràn wà níbòmíràn. Kí a ṣe ẹ̀dà ká tó ṣe ìmúdọ̀tun èyíkéyìí. Èyí tó bá tóbi, kí a kọ́kọ́ dán an wò lórí ẹ̀dà. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n gbé ẹ̀dà kan dìde lójú wa.

Wọ́n á ní owó ò sí. Owó wà fún aṣọ ẹgbẹ́.

Nínú àwọn àgbà tí a gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí ìkànnì yẹn, méjì ti lọ. Ta ni yóò tún lọ bi wọ́n? Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́. Ẹ dìde, kẹ́ ẹ béèrè pé: ẹ̀dà dà?